Mọ́nítọ̀ kì í jí lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bá sùn, àfi tí mo bá yọ wáyà iná rẹ̀

kò_jí_bọ̀rọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mini-PC kan ni mò ń lò, Windows 11 ló wà lórí rẹ̀. Wáyà DisplayPort mítà 1.8 ló so ó mọ́ mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ íǹṣì 24 tó jẹ́ 1920×1080. Tí mo bá ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kò sí wàhálà kankan. Ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá lọ sùn ni ẹjọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ kíbọ́ọ̀dù, mo mi máòsì, fáànù kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, iná rẹ̀ á tàn, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ ò ní dáhùn. Iná kékeré tó wà lára bọ́tìnì rẹ̀ á wà ní àwọ̀ ọsàn. Nígbà míì á gbé "No Signal" jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún ṣókùnkùn padà.

Ohun tó ń jí i ni kí n yọ wáyà iná rẹ̀ lára ògiri, kí n ní sùúrù díẹ̀, kí n tún kì í bọ̀ ọ́. Tí mo bá fi bọ́tìnì tirẹ̀ pa á tí mo tún tàn án, kì í ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá sì wá jí, gbogbo fèrèsé tí mo ṣí sílẹ̀ á ti kéré, wọ́n á ti kóra jọ sí igun òkè lápá òsì.

Mo ti ṣe àpdéètì Windows àti dráífà (ètò tó ń jẹ́ kí Windows bá ẹ̀yà kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀). Kí ló kù tí mo lè yẹ̀ wò kí n tó máa wá mọ́nítọ̀ míì kiri?

atẹ́wáyà

Ẹ di owó yín mú ná. Nǹkan mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí: kọ̀ǹpútà, wáyà, mọ́nítọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí tó ń ṣe agídí kí ẹ tó fọwọ́ kan sẹ́tìǹgì kankan. Tí ẹ bá yí nǹkan márùn-ún padà lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ èyí tó wò ó sàn.

Nígbà tó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ má yọ wáyà kankan. Ẹ tẹ Caps Lock. Tí iná Caps Lock lórí kíbọ́ọ̀dù bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, Windows ti jí, ó ń gbọ́ yín, àwòrán nìkan ni kò dé ojú mọ́nítọ̀. Tí iná yẹn bá dúró gbagidi sójú kan, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló há sójú oorun. Dráífà tàbí BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó bẹ̀rẹ̀) lẹ ó lọ bá wí, ẹ fi mọ́nítọ̀ sílẹ̀. Fáànù tó ń yí kì í ṣe ẹ̀rí, fáànù lè máa yí kí Windows má tíì jí.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnì mẹ́nù tó wà lára mọ́nítọ̀. Tí mẹ́nù bá yọ, ojú rẹ̀ àti iná ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá yọ, ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ fi tàn sí ojú mọ́nítọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kí ó súnmọ́ ọn dáadáa. Bí ẹ bá rí òjìji àwọn fèrèsé, tàbí ibi tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sí, àwòrán ti dé, iná ẹ̀yìn ni kò tàn. Iṣẹ́ atúnṣe nìyẹn, kò kan Windows rárá.

Ẹ wá di Windows, Ctrl àti Shift mú pọ̀, kí ẹ tẹ B. Èyí ń tún dráífà àwòrán bẹ̀rẹ̀ láì pa ohunkóhun tí ẹ ṣí, ẹ ó gbọ́ "bíìpù" kékeré kan. Tí ojú bá là, ẹ ti rí ọ̀daràn, dráífà ni. Tí kò bá là, ẹ yọ orí DisplayPort tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà nìkan, ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ orí DisplayPort ló ní ìkọ́ kékeré méjì tó fi ń di ihò mú, nítorí náà ẹ tẹ bọ́tìnì tó wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó fà á. Ẹni tó bá fi agbára fà á lè fa ihò yọ kúrò lára bọ́ọ̀dù.

Ìdánwò kan tó kù, òun ni mo fẹ́ràn jù: ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ nìkan ṣókùnkùn, kí kọ̀ǹpútà má sùn. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ èyí:

powercfg /change standby-timeout-ac 0
powercfg /change monitor-timeout-ac 1

Òdo túmọ̀ sí pé kò gbọdọ̀ sùn láéláé, 1 sì ni ìṣẹ́jú kan tí ojú yóò fi kú. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́wàá, kí ẹ tó fọwọ́ kan máòsì. Tí mọ́nítọ̀ bá kọ̀ láti jí síbẹ̀, oorun kọ̀ǹpútà ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ẹ kọ àbájáde síbí.

kò_jí_bọ̀rọ̀

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Caps Lock ń tàn, ó ń kú. Mẹ́nù mọ́nítọ̀ ń yọ nígbà míì, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tó fi ń lọ. Tọ́ọ̀ṣì ò fi òjìji kankan hàn. Windows+Ctrl+Shift+B dún, ojú ò là. Mo yọ DisplayPort, mo dá a padà, kò yí nǹkan kan padà. Ìdánwò ti powercfg ló yà mí lẹ́nu jù: kọ̀ǹpútà ò sùn rárá, síbẹ̀ mọ́nítọ̀ ò jí. Tí mo bá fọwọ́ kan máòsì kété tí ojú kú, ó ń jí o. Tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ni kì í jí mọ́.

Nínú mẹ́nù rẹ̀, Input Source wà lórí Auto. Mo rí "Deep Sleep" níbẹ̀ náà, ó wà lórí On.

atẹ́wáyà

Ó ti hàn. Mọ́nítọ̀ ló ń sùn wọra, kọ̀ǹpútà sì gbà pé kò sí mọ́nítọ̀ kankan lára òun mọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Nínú DisplayPort, pin 18 (ọ̀kan nínú àwọn irin tín-ín-rín inú orí wáyà) ni wọ́n ń pè ní Hot Plug Detect. Mọ́nítọ̀ ló ń gbé iná sórí rẹ̀ láti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Tí iná orí pin yẹn bá lọ ju mílísẹ́kọ́ńdì 2 lọ, kọ̀ǹpútà á kà á sí pé ẹnì kan ti yọ wáyà. Nígbà tí mọ́nítọ̀ yín bá kọ́kọ́ ṣókùnkùn, pin yẹn ṣì ní iná, ìdí nìyẹn tó fi ń jí tí ẹ bá tètè fọwọ́ kan máòsì. Tó bá ti wọ Deep Sleep, ó pa gbogbo nǹkan, títí kan ẹ̀yà tó ń gbé iná sórí pin 18. Windows á yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, á dá ojú ayédèrú kékeré kan sílẹ̀, á kó gbogbo fèrèsé yín sínú rẹ̀. Ohun tó sọ wọ́n di kékeré nìyẹn. Fún èmi, àmì yẹn nìkan ti tó láti fura sí pin 18.

Nígbà tí ẹ bá wá tẹ kíbọ́ọ̀dù, Windows ò ní fi àwòrán ránṣẹ́ torí kò rí mọ́nítọ̀, mọ́nítọ̀ náà ò ní jí torí kò rí àwòrán. Oníkálukú ń retí ẹnìkejì. Input Source tó wà lórí Auto tún wá ń dá kún un: ó ń wo HDMI, ó ń wo VGA, ó ń wo DisplayPort, ó ń yí kiri. Tó bá fi máa dé orí DisplayPort tó sì bá a lófìfo, á ní kò sí nǹkan, á padà sùn. Wáyà iná tí ẹ ń yọ ń ṣiṣẹ́ torí pé ó ń mú kí ṣípù inú mọ́nítọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó sì tún gbé iná sórí pin 18. Bọ́tìnì iwájú kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kì í gé iná, ó kàn ń sọ fún ṣípù yẹn pé kó sinmi ni.

Ẹ pa Deep Sleep. Lára mọ́nítọ̀ míì, orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ "DP Deep Sleep" tàbí "Power Saving", ó sì lè fara pamọ́ sínú "Other" tàbí "System". Ẹ gbé Input Source kúrò lórí Auto sí DisplayPort ní tààrà. Lẹ́yìn náà ẹ pa mọ́nítọ̀, ẹ yọ iná rẹ̀ fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí sẹ́tìǹgì tuntun lè wọlé dáadáa. Iná tí yóò máa jẹ lójú oorun á pọ̀ sí i díẹ̀. Láti 2013 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí ẹ̀rọ tó wà ní ìmúrasílẹ̀ má jẹ ju wáàtì 0.5 lọ, torí ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe mọ́nítọ̀ ṣe fẹ́ràn kí ó sùn wọra. Ẹni tó bá wà lórí ínfátà lóru kàn lè tẹ bọ́tìnì rẹ̀ pa.

Tí mẹ́nù bá tún ní ibi tí wọ́n ti ń yan DisplayPort 1.1 tàbí 1.2, ẹ gbé e sí 1.1. Ó gbé 1920×1080 lórí 60 Hz láì mikàn, ó tiẹ̀ gbé tó 2560×1600. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan lórí mọ́nítọ̀ yín.

abánigbófèrèsé

Kí ló dé tí ẹ ń wá ọ̀nà jíjìn? Ẹ ṣí Command Prompt bí Administrator, ẹ tẹ powercfg /h off, ẹ tún kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Ó ti parí. Fast Startup ló ń fa gbogbo wàhálà yìí.

atẹ́wáyà

Rárá o, ọ̀gá mi. powercfg /h off ń pa hibernate (oorun tó ń kó iṣẹ́ pamọ́ sínú dísíìkì kí kọ̀ǹpútà tó kú pátápátá), ó sì ń gbé Fast Startup lọ pẹ̀lú rẹ̀. Fast Startup kì í dá sí ọ̀rọ̀ oorun, ìgbà tí èèyàn bá tẹ Shut down tó tún tan kọ̀ǹpútà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ kì í là lẹ́yìn Shut down ni kó gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tó bi wá yìí, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò tiẹ̀ sùn nínú ìdánwò tó ṣe. Bí ó bá wà lórí láàpútọ́ọ̀pù pẹ̀lú bátìrì tó ti rẹ̀, hibernate tí ẹ ní kó pa yẹn gan-an ni ìbá gba iṣẹ́ rẹ̀ là.

Àwọn tí Caps Lock tiwọn kì í tàn nìkan ni mo máa ní kó lọ tẹ powercfg /a. Ó ń sọ irú oorun tí kọ̀ǹpútà yín mọ̀ ọ́n sùn. Bí ẹ bá rí Standby (S3), oorun àtijọ́ nìyẹn, ohun gbogbo ń kú àfi mẹ́mórì. Bí ẹ bá rí Standby (S0 Low Power Idle), Modern Standby ni, kọ̀ǹpútà ń sùn bíi fóònù ni, dráífà gíráfíìkì sì lè kọsẹ̀ níbẹ̀ bí BIOS bá ti pẹ́. Ẹ wá BIOS tuntun lórí ojú ìwé ẹni tó ṣe kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì gba dráífà níbẹ̀ dípò èyí tí Windows Update fà wọlé. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ lọ sí Control Panel, Power Options, Change advanced power settings, PCI Express, kí ẹ sọ Link State Power Management di Off. Modern Standby sábà máa ń fi ìyẹn pamọ́, nítorí náà ẹ má bínú tí ẹ ò bá rí i.

Ọ̀gá_bọ́ọ̀dù

Kí ẹ tó kúrò lórí ọ̀rọ̀ wáyà: wáyà kì í sùn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n parọ́. Ó ní àwọn wáyà DisplayPort olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n so pin 20 láti orí kan dé èkejì. Iná fóltì 3.3 ni pin yẹn, adápútà kékeré ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún, òfin DisplayPort ò sì gbà kí wáyà lásán gbé e kọjá. Tí wọ́n bá so ó, iná mọ́nítọ̀ á máa ṣàn wọ inú káàdì gíráfíìkì lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti kú. Àbájáde rẹ̀ kì í bára mu: ọ̀kan kì í jí, òmíràn kì í tàn rárá àfi tí wọ́n bá yọ wáyà náà.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, ẹ jẹ́ kí mọ́nítọ̀ wà lórí iná pẹ̀lú DisplayPort tó so wọ́n pọ̀. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan kí iná inú kọ̀ǹpútà gbẹ. Tí ẹ bá rí iná kékeré kan tó ṣì ń tàn lórí bọ́ọ̀dù rẹ̀, wáyà yẹn ni kẹ́ ẹ sọ nù. Ẹni tó bá ní mítà tí orí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lè yọ wáyà kúrò lápá méjèèjì, kó gbé mítà sórí ibi tó ń dún, kó fi kan pin 20 ní orí kìíní àti pin 20 ní orí kejì. Wáyà tó dára kò gbọdọ̀ dún.

HDMI ò ní irú àìsàn yìí. Kọ̀ǹpútà ló ń fi fóltì 5 ránṣẹ́ lórí pin 18, ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ sì kàn ń dá iná yẹn padà lórí pin 19 láti sọ pé àwọn wà níbẹ̀. Mọ́nítọ̀ lè máa sùn wọra, iná kọ̀ǹpútà yóò ṣì máa dáhùn dípò rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò rí Deep Sleep nínú mẹ́nù rẹ̀, tí mini-PC rẹ̀ sì ní HDMI, kó lo HDMI kó gba àlàáfíà. Lórí 1080p kò sí ìyàtọ̀ tí ojú yóò rí. Ṣùgbọ́n ẹ má ra adápútà tó ń sọ DisplayPort di HDMI tí ẹ bá fẹ́ lò ó ní ìdàkejì. Èyí tó pọ̀ ní ọjà ń lọ sí apá kan ṣoṣo ni, láti DisplayPort kọ̀ǹpútà sí HDMI mọ́nítọ̀.

dọ́ọ̀kì_méjì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n fi tèmi kún un. Láàpútọ́ọ̀pù ni, mo máa ń pa á dé, dọ́ọ̀kì USB-C (àpótí kékeré tó ní ihò púpọ̀) ló so mọ́nítọ̀ méjì mọ́ ọn, 2560×1440 ni méjèèjì. Tó bá jí, ọ̀kan á là, èkejì ò ní là. Kíbọ́ọ̀dù mi wà lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn mọ́nítọ̀ náà, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé kò sí bọ́tìnì tí mo lè tẹ̀ tó máa jí ohunkóhun.

atẹ́wáyà

Ìṣòro méjì ni ẹ kó wá, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ti kíbọ́ọ̀dù rọrùn. Ihò USB tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ ń kú nígbà tí mọ́nítọ̀ bá sùn. Kíbọ́ọ̀dù tí kò ní iná kò lè jí ẹnikẹ́ni. Ẹ wá nǹkan bíi "USB in Standby" nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀, kí ẹ tàn án, tàbí kí ẹ kúkú gbé kíbọ́ọ̀dù lọ sí ara dọ́ọ̀kì tàbí ara láàpútọ́ọ̀pù gan-an. Lẹ́yìn náà, Device Manager, Keyboards, ẹ tẹ HID Keyboard Device lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wo Power Management, kí ẹ máàkì "Allow this device to wake the computer". Tí ẹ bá fẹ́ mọ àwọn tó ní àṣẹ láti jí kọ̀ǹpútà báyìí, ẹ tẹ:

powercfg /devicequery wake_armed

Tí kíbọ́ọ̀dù ò bá sí nínú orúkọ tó jáde, ẹ ti rí i. Ní Control Panel, "Choose what closing the lid does", ẹ yan Do nothing fún ìgbà tó bá wà lórí iná.

Ti mọ́nítọ̀ kejì gba ìṣirò. Tí USB-C bá ń gbé àwòrán pẹ̀lú dátà USB 3 lẹ́ẹ̀kan náà, méjì nínú ọ̀nà mẹ́rin tí wáyà náà ní ni àwòrán ń rí lò. Lórí DisplayPort 1.2, ọ̀nà méjì yẹn ń gbé nǹkan bí 8.6 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mọ́nítọ̀ 2560×1440 kan lórí 60 Hz ń jẹ bíi 5.8. Méjì rẹ̀ di 11.6, kò wọlé. 1080p méjì ìbá wọlé dáadáa, torí kálukú kò ju bíi 3.6 lọ. Tí láàpútọ́ọ̀pù àti dọ́ọ̀kì yín bá jọ mọ DisplayPort 1.4, ààyè ọ̀nà méjì á tó bíi 13, méjèèjì á sì wọ̀ ọ́. Ohun tó jọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bá jí, dọ́ọ̀kì tún ọ̀nà dúnàádúrà, ó bọ́ sí iyàrá kékeré, ẹni tó kọ́kọ́ dé gba gbogbo ààyè. Ẹ gbé mọ́nítọ̀ kan wá sí HDMI ara láàpútọ́ọ̀pù tí ó bá ní, kí èkejì nìkan wà lórí dọ́ọ̀kì. Tí kò bá ní, ẹ sọ ọ̀kan di 1080p kí ẹ wò ó. Tí àwọn méjèèjì bá ń jí láti ìgbà yẹn, ààyè ni kò tó tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá àpdéètì fímúwíà (ètò inú) dọ́ọ̀kì náà. Tó bá ti dàrú pátápátá, ẹ yọ ọ́ lára láàpútọ́ọ̀pù, ẹ yọ iná tirẹ̀ fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, ẹ dá iná padà kọ́kọ́, láàpútọ́ọ̀pù lẹ́yìn. Dọ́ọ̀kì tó ń béèrè pé kí ẹ fi dráífà DisplayLink sí i kò sí nínú ìṣirò yìí: ó ń fún àwòrán pọ̀ gba inú USB, dráífà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe àpdéètì.

penguin_ìlú_òkè

Ẹni tó bá wà lórí Linux, ìdáhùn wà nínú fáìlì kan:

cat /sys/class/drm/card*-DP-*/status

Tó bá sọ "disconnected" nígbà tí wáyà wà níbẹ̀, pin 18 tí atẹ́wáyà sọ ni. Tó bá sọ "connected" tí ojú sì dúdú, dráífà ni. Ctrl+Alt+F3, lẹ́yìn náà kí ẹ padà pẹ̀lú Ctrl+Alt+F1 tàbí F2, sábà máa ń fipá mú un tan. Lórí X11 (ètò àwòrán àtijọ́ ti Linux), xrandr --output DP-1 --off, kí xrandr --output DP-1 --auto tẹ̀lé e, ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi orúkọ ihò tiyín rọ́pò DP-1. Wayland, ètò àwòrán tuntun, ò ní gbọ́ ti xrandr.

Ọ̀gá_bọ́ọ̀dù

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ra tòkunbọ̀, torí a rí i lójoojúmọ́. Ó ní mọ́nítọ̀ tí kì í jí nítorí pé kapasítọ̀ inú bọ́ọ̀dù iná rẹ̀ ti gbó. Ìwà rẹ̀ yàtọ̀: iná bọ́tìnì ń ṣẹ́jú, tàbí ojú là fún ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó kú, ó ń gba àkókò sí i lóṣooṣù kó tó là, ó sì burú jù láàárọ̀ tó bá tutù. Tó bá ti gbóná tán, kò sí wàhálà mọ́. Wáyà tàbí sẹ́tìǹgì kì í ṣe bẹ́ẹ̀ yẹn.

Tí ẹ bá ṣí i, ẹ wo orí àwọn kapasítọ̀ tó wà lápá ibi tí iná kékeré ti ń jáde. Orí tó dára pẹrẹsẹ bí ìdérí agolo mílíìkì. Èyí tó wú sókè níbi àmì àgbélébùú orí rẹ̀, tàbí tó ní ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú ní ìdí, ti kú. Ẹ máa rí nǹkan bíi 470 µF tàbí 1000 µF, fóltì 16 tàbí 25. µF kan náà lẹ ó fi rọ́pò rẹ̀, fóltì kan náà tàbí èyí tó ga jù ú, 105°C, low ESR (èyí tí ìdènà inú rẹ̀ kéré). Ilà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹsẹ̀ òdì, ẹ má gbé e sódì. Ẹ kíyè sí èyí títóbi tí wọ́n kọ fóltì 400 tàbí 450 sí lára: ó lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà. Ẹ fi mítà wò ó kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ẹni tí kò ní mítà, kó gbé e lọ fún oníṣẹ́.

kò_jí_bọ̀rọ̀

Mo ti pa Deep Sleep, mo ti gbé Input Source sí DisplayPort. Ó ń jí báyìí, kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, àwọn fèrèsé sì wà níbi tí mo fi wọ́n sí. Ìdánwò pin 20 ò fi iná kankan hàn.

Nǹkan kan ló kù. Tí wọ́n bá mú iná lọ nígbà tí ó ń sùn, tí wọ́n sì dá a padà, mo tún máa ń bá a ní "No Signal". Kọ̀ǹpútà wà lórí UPS, mọ́nítọ̀ wà lára ògiri lásán.

atẹ́wáyà

Iná tó lọ yẹn gé pin 18 náà. Kọ̀ǹpútà wà láàyè lórí UPS, ó rí i pé mọ́nítọ̀ lọ; nígbà tí iná dé, ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ á kàn wà ní ìmúrasílẹ̀ láì fi ara hàn títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnì rẹ̀. Ẹ gbé mọ́nítọ̀ sórí UPS kan náà. Íǹṣì 24 tó ń lo LED sábà máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 20 sí 30, UPS 650 VA kò ní mọ̀ pé ó dé. Tí ihò UPS bá ti tán, ẹ lo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní EDID emulator, inú ihò DisplayPort kọ̀ǹpútà ló ń wọ̀, kí wáyà wá wọ inú tirẹ̀. Ó ń dáhùn dípò mọ́nítọ̀, Windows ò sì ní mọ̀ pé ó lọ. Ẹ rí i pé èyí tó ń jẹ́ kí àwòrán kọjá ni ẹ rà, torí dummy plug tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí pa ló pọ̀ jù lọ́jà.

Ní Settings, System, Display, Multiple displays, ẹ rí i pé "Remember window locations based on monitor connection" ní máàkì. Bó bá tún kú lẹ́ẹ̀kan, àwọn fèrèsé yín á padà síbi tí wọ́n wà.

kò_jí_bọ̀rọ̀

Mo ti gbé e sórí UPS. Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ àná, wọ́n dá a padà, mo mi máòsì, ojú là. Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti máàkì ìbéèrè náà pé ó ti yanjú.